Ìtàn Iṣẹ́ Fọ́tò ní Àjàṣẹ́, àti Bí Obìnrin Ṣe Di Ọ̀gá Nídìí Kámẹ́rà

Kámẹ́rà ti ń rìn kiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún kí Faransé tó sọ Àjàṣẹ́ di olú-ìlú Dahomey ní 1900. Ní 1839 ni Louis Daguerre fi bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán sórí bàbà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi fàdákà bò han gbogbo ayé ní Paris. Nígbà tó di 1853, Augustus Washington, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ti ń fi fọ́tò yíyà jẹun ní ìlú Hartford, kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Liberia. Monrovia ló fìdí kalẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Freetown, Gambia àti Senegal láti wá oníbàárà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ etíkun fúnra wọn fi gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Ìdílé Lutterodt ti Accra lókìkí gan-an nínú wọn: láti nǹkan bí 1870 síwájú, Gerhardt Lutterodt àti àwọn ìbátan rẹ̀ ń ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n sì rìn dé erékùṣù Fernando Po. Neils Walwin Holm, tí òun náà ti Accra wá, ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò sí Èkó kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, ó sì wà lára àwọn tó péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1900 fún àpéjọ ńlá àwọn ọmọ Áfíríkà àti aláwọ̀ dúdú gbogbo ayé.

Ohun kan wà tó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn nípa àwọn ará ìṣáájú yìí, nítorí òun ló ṣàlàyé ọ̀pọ̀ ohun tó tẹ̀lé e. Ilé ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Ọmọ gbà á lọ́wọ́ bàbá, àbúrò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ọmọ iṣẹ́ sì gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá tó sábà máa ń jẹ́ ará ilé bàbá rẹ̀. Òkè òkun ni kámẹ́rà, gíláàsì, ìwé àti oògùn fọ́tò ti ń wá, owó wọn kì í sì í ṣe kékeré. Ẹni tí kò bá bá wọn nílé kì í tètè rí ọ̀nà wọ inú iṣẹ́ náà. Ẹnu ọ̀nà kan náà yìí, tó jọ pé ó sé mọ́ obìnrin, ni obìnrin padà gbà wọlé.

Àjàṣẹ́ wà lójú ọ̀nà etíkun yìí, láàárín Accra àti Èkó, onírúurú ènìyàn sì ti pàdé níbẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ mẹ́ta láti ilẹ̀ Yorùbá ló kọ́kọ́ dó sí àdúgbò Accron, níbi tí ojúbọ Abessan, abàmì ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án, wà títí di òní. Àwọn ọmọ ọba Allada dé lẹ́yìn wọn, Tè-Agbanlin sì dá ìjọba Gùn tí wọ́n ń pè ní Hogbonu sílẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni àwọn oníṣòwò Potogí sọ ibẹ̀ ní Porto-Novo. Nígbà tí ọba Toffa wà lórí ìtẹ́, láti 1874 sí 1908, àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil padà dé ti kọ́ ilé alájà pẹ̀lú fèrèsé aláràbarà, mùsùlùmí Yorùbá ti pọ̀ nínú ìlú, àwọn tó ń tajà lójú ọ̀sà láàárín Àjàṣẹ́ àti Èkó sì ti di ọlọ́rọ̀. Irú ìdílé báwọ̀nyí, Paraíso, da Silva, d'Almeida àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, kì í fi pálọ̀ sílẹ̀ láìgbé àwòrán kọ́ ara ògiri. Kóòtù òyìnbó, agbádá, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, aago oníṣéènì: gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń hàn pé ọwọ́ òun ti tẹ́nu ni kámẹ́rà lè gbà sílẹ̀.

Àwọn ènìyàn tó ń ya fọ́tò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ ayàwòrán fúnra rẹ̀, ṣe ìwádìí láàárín àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún ní Nàìjíríà ní 1975, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Ó ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà Yorùbá tó bá fẹ́ ya fọ́tò iyì á jókòó gbọnrangandan, á kọjú sí kámẹ́rà, á gbé ọwọ́ lé itan, ẹsẹ̀ á yà díẹ̀ kí agbádá tàbí ìró lè tẹ́ dáadáa, ojú rẹ̀ á sì dá ṣáká láìsí ẹ̀rín. Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n á yà á. Bí àwọn agbẹ́gilére ṣe ń gbẹ́ ọba àti ìyálóde láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Onífọ́tò kàn gba àṣà náà lọ́wọ́ wọn ni.

Ti ìbejì ló jọni lójú jù. Bí Táíwò bá kú tí Kẹ́hìndé sì ṣẹ́kù, àwọn òbí lè gbé èyí tó kù tọ onífọ́tò lọ. Onífọ́tò á mú ọmọ náà jókòó sí apá kan, á yà á. Á tún gbé e sí apá kejì, á tún un yà. Nínú yàrá òkùnkùn, á bo ìdajì ìwé fọ́tò mọ́lẹ̀, á tẹ nẹ́gátíìfù kìíní sí ìdajì tó ṣí sílẹ̀, á wá yí ìbòjú náà padà, á tẹ èkejì sí ìdajì tó kù. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dá, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé: àwọn ọmọ méjì jókòó ti ara wọn lórí ìwé kan. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á kọ́kọ́ wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á wá wọ aṣọ obìnrin fún un kí wọ́n tó ya ẹ̀ẹ̀kejì. Fọ́tò yìí lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère ìbejì nílé, ó sì lè gba ipò ère náà pátápátá. Ìyá ló ń tọ́jú ère ìbejì, òun náà ló sì ń tọ́jú fọ́tò náà. Nípa báyìí, obìnrin ti wọ inú iṣẹ́ fọ́tò tipẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó béèrè fún un, kó tó di ẹni tó ń yà á.

Ní Dahomey, tó di Benin ní 1975, wọ́n tún máa ń pe onífọ́tò wá sílé òkú. Òkú tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n ti tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye, á gba àwòrán ìkẹyìn, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alex Van Gelder kó irú àwòrán báwọ̀nyí pọ̀ láti ọwọ́ àwọn onífọ́tò Benin, ó sì fi wọ́n ṣe ìwé kan tí ilé ìtẹ̀wé Phaidon gbé jáde ní 2005. Àwòrán alààyè àti àwòrán òkú wà pọ̀ nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe wà pọ̀ lára ògiri ilé.

Ọ̀tọ̀ ni àwòrán tí àjèjì wá yà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni pósíkáàdì Dahomey ti ń tà nílẹ̀ Faransé. Edmond Fortier, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Dakar, wà lára àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Obìnrin pọ̀ lórí pósíkáàdì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sábà kọ sábẹ́ wọn ni ẹ̀yà tàbí ìlú tí obìnrin náà ti wá, tàbí pé ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Orúkọ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá wo ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀lé ara wọn yóò rí i pé wọ́n ti sọ ènìyàn di àpẹẹrẹ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1930 sàn ju ìyẹn lọ fíìfíì. Fáàdà Francis Aupiais, Faransé tó dé Dahomey ní 1903 tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ìjọ Kátólíìkì ní Àjàṣẹ́, fẹ́ràn àṣà ìlú náà débi pé ó dá ìwé ìròyìn La Reconnaissance africaine sílẹ̀ ní 1925 kí àwọn ọmọ ilẹ̀ lè kọ ìtàn ara wọn. Ní 1930, Albert Kahn, olówó báńkì kan ní Paris tó ń náwó lórí àkójọ àwòrán gbogbo ayé, san owó ìrìn-àjò fún un láti padà wá pẹ̀lú ayàwòrán Frédéric Gadmer. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi rìn ká Dahomey, wọ́n sì ya àwòrán tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tó ní àwọ̀. Gíláàsì ni Gadmer fi ń yà á, èyí tí wọ́n ti lẹ ìyẹ̀fun pòtétò mọ́ lára. Wọ́n ti pa ìyẹ̀fun náà láró, àwọn kan ní àwọ̀ ọsàn, àwọn kan ní àwọ̀ ewé, àwọn yòókù ní àwọ̀ àlùkò. Ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín ìyẹ̀fun yìí kọjá ló ń di àwọ̀. Ó gba sùúrù, nítorí ẹni tí wọ́n ń yà kò gbọdọ̀ mira fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Lára rẹ̀ ni a ti lè mọ irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ ní Dahomey láyé ìgbà náà pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ gan-an. Àwọn aláṣẹ Fáàdà Aupiais kò dunnú sí fíìmù tí wọ́n yà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ó fi ọ̀wọ̀ hàn fún ìbọ vodun ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ.

Ní Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọmọ ìlú tó sọ fọ́tò di iṣẹ́ ìdílé tó lórúkọ jù ni Joseph Moïse Agbodjelou. Ọdún 1912 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 2000, èyí tó túmọ̀ sí pé ó rí ìjọba Faransé, òmìnira 1 Oṣù Kẹjọ 1960, ìjọba ológun Kérékou tó tẹ̀lé ìlànà Marx àti ìpadàbọ̀ ìjọba ìbò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oníbàárà rọ́ dé ní gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Áfíríkà, nítorí káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìdìbò ń béèrè fọ́tò. Ẹni tó wá ya fọ́tò kékeré fún ìjọba lónìí á padà wá lọ́la pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ láti ya èyí tí wọ́n á gbé kọ́ sílé. Fọ́tò ìyàwó tuntun, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ tó ra aṣọ kan náà, ìyálọ́jà pẹ̀lú gèlè àti wúrà lọ́rùn: iṣẹ́ ojoojúmọ́ àwọn onífọ́tò ìgbà náà nìyẹn. Obìnrin ló ń yan aṣọ, òun ló ń yan ọjọ́, òun ló sì sábà ń sanwó. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà ló ṣì jẹ́ ọkùnrin.

Níbòmíràn lágbàáyé, obìnrin ti ń ya fọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Constance Talbot, ìyàwó William Henry Fox Talbot tó ṣe ọ̀nà fọ́tò orí ìwé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dán an wò ní 1839 gan-an. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn aṣíkiri ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dó sí, Evelyn Cameron, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sin ẹṣin ní Montana, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ní 1894 nígbà tí òwò ẹṣin forí ṣánpọ́n. Ó ń gun ẹṣin kiri oko àwọn aládùúgbò, ó ń yà wọ́n, ó sì ń ta fọ́tò kọ̀ọ̀kan fún wọn ní sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1928, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó gíláàsì àti fíìmù rẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí òǹkọ̀wé Donna Lucey tó rí wọn ní ìparí àwọn ọdún 1970. Owó ilé tó dín kù ló sún obìnrin yìí dé ìdí kámẹ́rà. Ní etíkun tiwa, bàbá ló mú ọmọbìnrin rẹ̀ débẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ni Felicia Abban. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i ní Sekondi-Takoradi, ìlú èbúté ní apá ìwọ̀-oòrùn Gold Coast tó di Gánà lónìí. Felicia Ansah ni wọ́n ń pè é nígbà náà. J. E. Ansah, bàbá rẹ̀, jẹ́ onífọ́tò, ó sì gba ọmọ náà sí ìkọ́ṣẹ́ nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ láyé ọjọ́un pọ̀ ju títẹ bọ́tìnì lọ. Ó ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń po oògùn, bí fíìmù ṣe ń pẹ́ tó nínú oògùn kìíní kó má baà dúdú jù, ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé e sínú èyí tó ń mú àwòrán dúró, àti bí omi tí wọ́n fi ń ṣan án ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó. Ọ̀pọ̀ nínú èyí, inú òkùnkùn tàbí lábẹ́ iná pupa ni.

Lẹ́yìn èyí ni títún ojú ṣe, ohun tó ń ya ọ̀gá sọ́tọ̀ lára ọmọ iṣẹ́. Wọ́n á gbé nẹ́gátíìfù sórí gíláàsì tí iná ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á wá mú pẹ́ńsùlù tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí abẹ́rẹ́, wọ́n á máa fi í tọ́ ibi tí egbò, irorẹ́ tàbí ìlà àgbà wà díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ bá wúwo jù, ojú oníbàárà á di funfun tóótòòtó nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Felicia kọ́ gbogbo iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Títún fọ́tò ṣe di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jálẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì hàn nínú àwọn àwòrán ara rẹ̀ tó kù sílẹ̀: ojú rẹ̀ ń dán láìní àbààwọ́n, ṣùgbọ́n ènìyàn ṣì ni, ère kọ́.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó kó lọ sí Accra lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ọkọ rẹ̀, Robert Abban, ń ya ọnà orí aṣọ. Òun ló ya ọnà aṣọ kan tó ní àwòrán Kwame Nkrumah pẹ̀lú òdòdó. Ní 1955, Felicia ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Jamestown, àdúgbò àtijọ́ tó wà létí òkun. Ohun tó kọ sójú pátákó rẹ̀ ni Mrs. Felicia Abban's Day and Night Quality Art Studio. Nínú gbólóhùn kan yẹn, ó ti sọ fún ará àdúgbò pé obìnrin ló ni ibẹ̀, pé ó ti wà nílé ọkọ, pé òun ní iná mànàmáná tó fi lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò lẹ́yìn iṣẹ́, tàbí lójú ọ̀nà òde àríyá lálẹ́, mọ ibi tí yóò yà sí.

Jamestown kì í ṣe ibi tí aláìmọṣẹ́ ti lè jẹun. Ṣọ́ọ̀bù Deo Gratias, tí J. K. Bruce-Vanderpuije dá sílẹ̀ ní 1922, wà níbẹ̀. Ti James Barnor, Ever Young, náà wà nítòsí. Barnor ti ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn Daily Graphic láti 1950, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn ọkùnrin tó lórúkọ yìí ni ọmọbìnrin ogún ọdún kan wá bá dupò láàárín àdúgbò kan náà, ó sì dúró.

Gánà gba òmìnira ní 6 Oṣù Kẹta 1957. Ìjọba Nkrumah nílò àwòrán púpọ̀, nítorí orílẹ̀-èdè tuntun fẹ́ rí ara rẹ̀. Felicia ṣiṣẹ́ fún Guinea Press, ilé ìtẹ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú CPP ti Nkrumah, ó sì ya Nkrumah fúnra rẹ̀ ní àwọn àkókò wọ̀nyẹn. Èyí ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàpèjúwe rẹ̀, pé ó ya ààrẹ àkọ́kọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ya Nkrumah. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò bá a ṣe ni èyí tó ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí oníbàárà ti lọ.

Bí òde bá wà lálẹ́, tó ti múra tán, Felicia á kọ́kọ́ dúró níwájú kámẹ́rà tirẹ̀. Ó ya ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ léraléra ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Nínú òmíràn ó wọ gáùn òyìnbó pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Nínú òmíràn kaba àti ìró tí àwọn obìnrin Gánà ń wọ̀. Irun rẹ̀ ń yí padà, yẹtí rẹ̀ ń yí padà, ibi tó kọjú sí náà ń yí padà. Ó ń fi àwọn fọ́tò yìí polówó iṣẹ́ rẹ̀: oníbàárà tó bá wọlé á kọ́kọ́ rí bí ọ̀gá ibẹ̀ ṣe lè mú ènìyàn dára tó. Ohun tó jáde níbẹ̀ ju ìpolówó lọ. Ẹni tó ń yà ni ẹni tí wọ́n ń yà, orúkọ rẹ̀ sì wà lójú pátákó níta. Bí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósíkáàdì Fortier, tó fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú wọn, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ìwé ìfẹ̀hónúhàn kan.

Ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní 24 Oṣù Kejì 1966. Felicia kò bá Nkrumah lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Jamestown ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ó gba ọmọ iṣẹ́, obìnrin sì wà lára wọn. Kámẹ́rà aláwọ̀ dé, ilé ìfọfọ́tò tó ń fọ fíìmù láàárín wákàtí kan dé, fóònù dé. Nẹ́gátíìfù rẹ̀ wà nínú àpótí.

Ní 2017 ni Nana Oforiatta Ayim, òǹkọ̀wé àti olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ ọnà ANO ní Accra, gbé àwọn àwòrán náà jáde fún gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú èrò láti sọ ṣọ́ọ̀bù Jamestown di ibi ìtọ́jú ohun ìrántí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí Gánà kọ́kọ́ ní ilé tirẹ̀ níbi àfihàn ọnà Venice, àwòrán tí Felicia ya ara rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ El Anatsui, Ibrahim Mahama àti John Akomfrah. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ó kú ní 2024.

Àṣà kí ọmọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìdílé kò tíì parí ní etíkun. Deo Gratias ṣì wà ní Jamestown, ọmọ-ọmọ Bruce-Vanderpuije, obìnrin, sì ni ó wá di alábòójútó rẹ̀ àti àwọn nẹ́gátíìfù bàbá àgbà. Ní Àjàṣẹ́, Leonce Raphael Agbodjelou, tí wọ́n bí ní 1965, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Joseph Moïse, bàbá rẹ̀, ó dá ilé ẹ̀kọ́ fọ́tò sílẹ̀, ó sì di olórí ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò ìlú náà. Ó máa ń ya àwọn ará Àjàṣẹ́ níwájú ańkárá tó ní ọnà púpọ̀, tí ańkárá ara wọn náà sì ń bá ti ẹ̀yìn wọn jà. Ó ya eégún nínú ẹ̀kú wọn. Ní 2012 ó ya àwọn obìnrin tó fi ìhòòhò àyà dúró nínú ilé Àgùdà àtijọ́, tí ìbòjú igi sì wà lójú wọn. Orúkọ tó fún ìyẹn, Demoiselles de Porto-Novo, ń dá Picasso lóhùn, ẹni tó fi ojú ère Áfíríkà sínú àwòrán àwọn obìnrin rẹ̀ ní 1907. Saatchi Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù gbé e kọ́ ní 2014. Àwòrán náà lágbára, ìdáhùn rẹ̀ sí Picasso sì tọ́. Síbẹ̀ ojú ọkùnrin ló wo àwọn obìnrin náà, ìbòjú sì gba ojú tiwọn lọ́wọ́ wọn.

Àwọn obìnrin tó tẹ̀lé e kò dúró kí ẹnikẹ́ni wò wọ́n. Laeïla Adjovi, ọmọ Benin àti Faransé tó ti ṣe iṣẹ́ ìròyìn kó tó gbájú mọ́ ọnà, gba ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n fi orúkọ Léopold Sédar Senghor pè níbi àfihàn Dakar ní 2018, fún àwòrán obìnrin kan tó ní ìyẹ́ ńlá léjìká tí òun àti Loïc Hoquet jọ ṣe. Ní Èkó, TY Bello wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó dá ẹgbẹ́ Depth of Field sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ó sì ti di ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń pè jù láti ya olókìkí àti olóyè. Nígbà tí Benin fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ní ilé ní Venice ní 2024, Azu Nwagbogu tó dá LagosPhoto sílẹ̀ ní Èkó ló ṣètò rẹ̀, ipò obìnrin àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà lára ohun tó fi ṣe ìpìlẹ̀. Moufouli Bello, obìnrin tí wọ́n bí ní Kútọ̀nù, wà lára àwọn mẹ́rin tó ṣojú orílẹ̀-èdè náà, pẹ̀lú Chloé Quenum, Romuald Hazoumè ọmọ Àjàṣẹ́, àti Ishola Akpo tó ti ń fi fọ́tò wá àwọn ọbabìnrin Áfíríkà tí ìtàn gbàgbé.

Èyí tó ṣòro jù lọ lónìí ni títọ́jú ohun tó ti wà. Fíìmù àtijọ́ kò fẹ́ràn ojú ọjọ́ Àjàṣẹ́. Jẹ́látíìnì tó gbé àwòrán dúró lórí fíìmù, ara awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí náà ìfúntò máa ń hù sí i nígbà òjò bí ó ṣe ń hù sára oúnjẹ. Fíìmù acetate tó pọ̀ jù nínú àpótí àwọn onífọ́tò ọdún 1950 sí 1980 máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí kíkan. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn náà mọ̀ pé ó ti ń bàjẹ́, á sì máa súnkì títí àwòrán á fi bó kúrò lára rẹ̀. Nílé mìíràn, nígbà tí bàbá onífọ́tò bá kú, àwọn ọmọ á kó àpótí náà dànù láti gba àyè.

Àjàṣẹ́ náà ni ilé ẹ̀kọ́ tó ń dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí wà. École du Patrimoine Africain, tí wọ́n dá sílẹ̀ síbẹ̀ ní 1998 láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, gbàlejò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Oṣù Kẹrin 2014 lórí títọ́jú àwòrán àtijọ́, pẹ̀lú àwọn amòye láti Metropolitan Museum ní New York àti Yunifásítì Delaware. Àwọn alábòójútó àkójọ àwòrán láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jókòó pọ̀. Ohun tí irú iṣẹ́ báyìí ń béèrè kò pọ̀ ju ohun tí ìdílé lè ṣe lọ: ka iye nẹ́gátíìfù tó wà, fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbọn eruku rẹ̀, kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé tí kò ní ásíìdì, ya èyí tó ti ń rùn sọ́tọ̀ kó má baà ran àwọn yòókù, kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ṣì wà láàyè láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé àpótí náà kúrò nílẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.